Ẹni Tó Háyà Ọkọ̀ Ni Onílé: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọtí Mímu Lójú Omi

Ẹ̀kọ́ kíkà: Diutarónómì 22:8, Òwe 23:29-35, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27.

 

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín yóò sọ bí ẹ bá rí àkọlé yìí. Ẹ ó ní, kí ló kan obìnrin Fate nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi? Odò Asà ni odò tiwa ní Ìlọrin, a kì í sì í wọ ọkọ̀ lórí rẹ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó kì í bi wá léèrè irú odò tó wà ládùúgbò wa. Ẹbí ìyàwó lè wà ní Pategi, kí ẹbí ọkọ wà ní òdìkejì Odò Ọya. Àwọn ọmọ wa sì wà ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń háyà ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì fún ọjọ́ ìbí, tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ sí Tarkwa Bay tàbí Ilashe. Wọn a gbé ẹ̀rọ orin sínú ọkọ̀, wọn a gbé kúlà ọtí tẹ̀ lé e, wọn a sì fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ìyá wọn nílé. Ìyá a wo fọ́tò, a ní, "Ẹ kú ìnáwó o, ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀." Kò ní béèrè ẹni tó wa ọkọ̀, kò sì ní béèrè ohun tó wà nínú kúlà. Òun kì í mu ọtí, ó rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Ó kàn án. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣí Ìwé Òwe. Ní orí 23, láti ẹsẹ 29, ọlọgbọ́n náà ń ka ohun tó ń bá ọ̀mùtí: ìjà, ìráhùn, ọgbẹ́ tí kò nídìí, ojú tó pọ́n. Nígbà tó wá dé ẹsẹ 34, tó ń wá àkàwé tí yóò fi gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, ojú omi ló lọ. Ó fi ọ̀mùtí wé ẹni tó lọ tẹ́ ẹní sí àárín agbami, tàbí tó gun orí òpó ìgbòkun lọ wá oorun sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí àwòrán ọkọ̀ ìgbòkun mọ̀ pé orí òpó yẹn ni ọkọ̀ ti ń mì jù. Kò sí bí ẹni tó sùn síbẹ̀ kò ṣe ní jábọ́, kò sì ní mọ̀ títí yóò fi bá ara rẹ̀ nínú omi.

Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìlera fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí a ti ń sọ ọ́ ní kíláàsì. Nínú etí wa lọ́hùn-ún, Ẹlẹ́dàá fi àwọn ihò róbótó kan sí i tí omi wà nínú wọn. Àwọn ni wọ́n ń sọ fún wa bóyá a dúró ṣánṣán tàbí a tẹ̀. Ọtí a máa da iṣẹ́ wọn rú. Lórí ilẹ̀, ẹni tó bá ń ta gbọ̀ngbọ́n lè di ògiri mú. Nínú ọkọ̀, ibi tó dúró lé pàápàá ń mì, ògiri kò sì sí. Oòrùn àti atẹ́gùn pẹ̀lú ariwo ẹ́ńjìnì a tún máa dá àárẹ̀ sí ènìyàn lára, tó fi jẹ́ pé ìgò tí kò ṣe é ní nǹkan nílé yóò ṣe é lójú omi. Bó bá sì ṣubú sínú omi, ọtí kò ní jẹ́ kó tètè mọ apá ibi tí òkè wà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa lè rì bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí àwọn ìyá sọ fún àwọn ọmọkùnrin wọn láìtijú. Ẹni tó ti mu bíà mẹ́ta yóò fẹ́ tọ̀. Yóò dìde, yóò lọ dúró sí etí ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní di nǹkan kan mú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ènìyàn ló ti ti ibẹ̀ lọ.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ etíkun ní Amẹ́ríkà, US Coast Guard, a máa gbé ìròyìn jáde lọ́dọọdún lórí ìjàǹbá ọkọ̀ ìgbafẹ́. Ọdún dé ọdún ni wọ́n ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé nínú gbogbo ohun tí àwọn mọ̀ pé ó ń dá kún ikú nínú irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, ọtí ló ṣíwájú. Kì í ṣe àwa ìyá ìjọ ló sọ bẹ́ẹ̀ o, àwọn tó ń yọ òkú nínú omi ni.

Wàyí o, ẹ bá mi ṣí Diutarónómì 22:8. Ẹsẹ kékeré ni, a sì máa ń fò ó bí a bá ń ka orí náà. Ọlọ́run pàṣẹ fún ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun pé kó ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, nítorí pé bí ẹnìkan bá ti ibẹ̀ jábọ́, ẹ̀jẹ̀ ẹni náà yóò wà lórí ilé rẹ̀. Òrùlé àwọn ará Ísírẹ́lì kò rí bíi tiwa. Pẹrẹsẹ ni. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba afẹ́fẹ́, tí wọ́n ti ń gbàdúrà, tí wọ́n sì ti ń gba àlejò. Bí àlejò bá ń sọ̀rọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tó fẹ̀yìn rìn, tó kọjá etí òrùlé, ó tán.

Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tí a bá wí nínú ẹsẹ náà. A kò sọ fún àlejò pé kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. A kò bá bíríkìlà wí. Onílé ni a pè. Òun ló pe ènìyàn wá, òun ni kó mọ ògiri kí wọ́n tó dé.

Ọkọ̀ tí o háyà nílé rẹ fún ọjọ́ yẹn. Lóòótọ́, ẹlòmíràn ló ni pákó, tó ni ẹ́ńjìnì. Ṣùgbọ́n fún wákàtí márùn-ún tí o sanwó rẹ̀, ìwọ lo mọ ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, ìwọ lo mọ ohun tí a ó gbé sínú rẹ̀, ìwọ lo sọ ìgbà tí a ó lọ àti ìgbà tí a ó bọ̀. Onílé ni ọ́. Bí o bá jẹ́ ìyá ìyàwó, tàbí ìyá ọlọ́jọ́ ìbí tó dá lára owó ọkọ̀, onílé ni ìwọ náà.

Òfin ìjọba kì í sábà rí i bẹ́ẹ̀. Atukọ̀ ni ojú òfin máa ń wà lára. Òfin àgbáyé fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun, tí wọ́n tún ṣe ní Manila ní ọdún 2010, fi ìwọ̀n sí ọtí tó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn: kò gbọdọ̀ ju 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nílẹ̀ wa níbí, NIWA tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja ló ń mójú tó ọkọ̀ lórí àwọn odò wa, wọ́n sì ń kéde rẹ̀ lemọ́lemọ́ pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn lóru, pé gbogbo èrò gbọdọ̀ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, àti pé kí a kọ orúkọ èrò sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yẹ kúlà wò? Ta ni yóò sọ fún àbúrò ọkọ pé kó gbé ìgò yẹn padà sílẹ̀? NIWA kò sí níbẹ̀ nígbà tí orin bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé London díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ ní ọmọ níbẹ̀, ìtàn náà sì yé ni kedere. Ní òru ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1989, wọ́n háyà ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Marchioness lórí odò Thames fún ayẹyẹ ọjọ́ ìbí. Aago méjì òru kò tíì lù nígbà tí ọkọ̀ ńlá kan tí ń wa yanrìn, Bowbelle, kọlù ú, tó sì tẹ̀ ẹ́ rì. Ènìyàn 51 ló kú, ọ̀dọ́ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí wọ́n ṣèwádìí, ó hàn pé ọ̀gá atukọ̀ Bowbelle ti mu ife bíà ńlá mẹ́fà ní ọ̀sán tó ṣáájú òru yẹn. N kò ní sọ pé ọtí nìkan ló pa wọ́n. Ìwádìí tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2001 tẹnu mọ́ ọn pé wọn kò ṣọ́nà dáadáa nínú ọkọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ti pẹ́ tó: ọdún 2003 ni wọ́n tó ṣe òfin ní Bìrìtìkó tó fi ìwọ̀n sí ọtí fún àwọn tí ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ jẹun. Ọdún mẹ́rìnlá. Òfin náà pàápàá, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ló mú. Kò bá ẹni tó pe àpèjẹ sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní ìdájí ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn ará abúlé agbègbè Pategi ní ìpínlẹ̀ wa yìí ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó ní Egboti, ní apá ìpínlẹ̀ Niger. Alùpùpù ni ọ̀pọ̀ wọn gùn lọ. Òjò rọ̀, omi bo ọ̀nà, wọ́n bá wọ ọkọ̀ bọ̀ lórí Odò Ọya. Èrò pọ̀ nínú ọkọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ọkọ̀ náà kọlu ìtì igi tó wà lábẹ́ omi, ó sì là sí méjì. Ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kú, tọkùnrin tobìnrin àti ọmọdé. 

Kò sí ọ̀rọ̀ ọtí nínú ìtàn yìí rárá. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà ba orúkọ òkú jẹ́. Ìdí tí mo fi mẹ́nu kàn án ni pé àwọn ènìyàn tí ojú wọn dá, tí wọ́n mọ odò yẹn láti kékeré, odò náà ṣì mú wọn, nítorí òkùnkùn, nítorí èrò tó pọ̀ jù, nítorí igi tí ojú kò rí. Èwo wá ni ti ọmọ Fate tí kò mọ odò rí, tó fi owó ara rẹ̀ ra ọtí mọ́ gbogbo ìyẹn?

Ohun kan sì wà nípa Odò Ọya yìí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Láti 1886 títí di òpin 1899, Royal Niger Company ló ń ṣàkóso rẹ̀. Àwọn oníṣòwò yìí ń ta jíìnì ní ìsàlẹ̀ odò, ó sì ń mówó wọlé fún wọn. Síbẹ̀ wọ́n ṣe òfin pé ọtí líle kò gbọdọ̀ bá ọkọ̀ kọjá ìlà keje ní àríwá, ìyẹn nítòsí Ìdàh. Kì í ṣe ìfẹ́ ọmọnìkejì ló sún gbogbo wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n lè fi ọwọ́ sí ibì kan lórí odò kí wọ́n sì wí pé, ọtí kò kọjá ibí. Àwọn tí ń fi jíìnì ṣòwò lè sọ bẹ́ẹ̀, ìyá ìyàwó á ní òun kò lè sọ ọ́?

Àwa Mẹ́tọ́díìsì ni ó tilẹ̀ yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn fún jù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1735, John Wesley wọ ọkọ̀ Simmonds láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Georgia. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú ọkọ̀ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹran àti wáìnì sílẹ̀ pátápátá, tí wọ́n ń jẹ ìrẹsì àti bísíkíìtì. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú wọn. Nígbà tí ìjì ńlá dé ní oṣù kìíní ọdún 1736, tí omi ya bo ọkọ̀, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ké, àwọn Krístẹ́nì ará Jámánì tó wà níbẹ̀ ń kọrin lọ ní tiwọn. Wesley kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà. A kò lè pè é ní ẹni tó ka wáìnì sí èèwọ̀ títí ayé, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn òfin tó kọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1743, ìmutípara wà lára ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni rírà àti títa ọtí líle, tàbí mímu un láìsí ọ̀ràn-an-yàn.

Arábìnrin kan lè wí pé, Màmá, Jésù sọ omi di wáìnì ní Kánà. Bẹ́ẹ̀ ni. Orí ilẹ̀ ni Kánà wà. Nóà pàápàá, tó mu àmupara tó sùn síhòhò, ó lé ní ọdún kan tó fi wà nínú ọkọ̀, a kò gbọ́ wáìnì níbẹ̀. Ó dúró kí ọkọ̀ gúnlẹ̀, ó gbin àjàrà, ó dúró kó so. N kò fi ìyẹn yìn ín o. Mo kàn ń sọ pé nígbà tí ẹ̀mí gbogbo ayé wà nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, ojú ọlọ́kọ̀ dá.

Àwọn ìyá mìíràn á ní, ta ni yóò gbọ́ tiwa láàárín àwọn ọmọ ayé òde òní? Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27. Ẹlẹ́wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù. Balógun ọ̀rún ló wá ọkọ̀ Alẹkisáńdíríà tó fi kó gbogbo wọn sínú rẹ̀, òun ni onílé ọjọ́ náà. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún un kí ọkọ̀ má lọ. Ọ̀rọ̀ atukọ̀ àti ti ọlọ́kọ̀ ló wọ̀ ọ́ létí jù. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kò tìtorí pé wọn kò gbọ́ tirẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ dákẹ́. Nígbà tí àwọn atukọ̀ fẹ́ yọ́ sá lọ nínú ọkọ̀ kékeré, ó tún sọ̀rọ̀, balógun ọ̀rún sì gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọmọ ogun gé okùn ọkọ̀ kékeré náà. Ènìyàn 276 ni wọ́n kà nínú ọkọ̀ yẹn, gbogbo wọn ló dé ilẹ̀ láàyè. Àwa olùkọ́ mọ ìwúlò kíka orí. Bí a bá kó àwọn ọmọ lọ sóde, a kì í gbéra kí a má kọ orúkọ, a kì í sì í padà kí a má pè é.

Nítorí náà, bí ẹ̀yin tàbí ọmọ yín bá fẹ́ háyà ọkọ̀, kí ẹ tó sanwó ni kí ẹ ti sọ ọ́ fún ọlọ́kọ̀ pé a kò ní mu ọtí nínú ọkọ̀ yìí, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ jọ fọwọ́ sí. Ẹ kọ ọ́ sínú káàdì ìpè pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò mọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹ wo ojú atukọ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀. Ẹ bi í léèrè ohun tó mu lálẹ́ àná, nítorí ọtí kì í tètè kúrò lára. Ife kékeré kan a máa gba bí wákàtí kan, kọfí tàbí omi tútù kò sì lè lé e yára. Ẹ má gbàgbé ọtí inú ọ̀rá àti páragà, àpò ṣòkòtò ló ń gbé, kò sí nínú kúlà.

Àwa fúnra wa sì ní àṣà kan tó burú. Inú wa á dùn sí atukọ̀, a ó gbé ìgò méjì fún un pé kó fi ṣe ara ríndin. Oúnjẹ ni kí ẹ fún un. Ẹ fún un ní màlíìtì, ẹ fi owó kún owó rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín wó ìgbátí ilé yín.

Èyí tó le jù ni ti àlejò tó ti mutí yó kó tó dé èbúté. Ẹnìkan ní láti sọ fún un pé, "Ìwọ kò ní bá wa lọ." Ọmọ kò lè sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyàwó tuntun kò lè sọ ọ́ fún ẹbí ọkọ. Ìyá àgbà ló lè sọ ọ́. Ẹni tí irun rẹ̀ ti funfun ni, tí wọn kò lè dá lóhùn, tí yóò kan sọ pé, "Bàbá mi, ẹ jókòó tì mí níbí, oúnjẹ wà, a ó jọ dúró dè wọ́n." Bí ìyẹn bá túmọ̀ sí pé ìwọ náà kò ní wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, jókòó tì í.

Ó ku ọ̀rọ̀ àna. Ìyẹn ni wọ́n máa ń bi mí jù. Àna gbé páálí bíà méjì wá sí èbúté, ṣé a ó dá a padà lójú gbogbo ènìyàn? Rárá. Ẹ kúnlẹ̀ gbà á, ẹ dúpẹ́, ẹ kí i dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé páálí náà fún ẹni tó dúró tì ẹbúté, tí kò ní wọ ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá padà dé, tí a pe orúkọ, tí iye rẹ̀ pé, ẹ gbé e fún àna yín bó ti gbé e wá, kó mọ ohun tí yóò fi ṣe lórí ilẹ̀.